Orí Kẹrin: Mẹ́ta Nínú Ọgọ́rùn-ún

Abẹ́rẹ́ kẹta kò mì rárá. Ọláníhún fi èékánná gbá ojú Òṣùwọ̀n, bí ó ṣe máa ń gbá ojú ẹ̀rọ omi nígbà tó bá fura pé eruku ló dì í lọ́wọ́, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ náà dúró sí ìsàlẹ̀ pátápátá, bí àlejò tí wọn kò fún ní àga.

"Bàbá, ẹ rọra o," ni Fẹ́hìntọ́lá wí. "Ẹ má bà á jẹ́ fún wọn."

"N kò bà á jẹ́. Mo ń jí i ni."

"Kò sùn, Bàbá. Àwa la sùn."

Òṣùwọ̀n náà kò ju igbá ìmumi lọ. Bàbà ni wọ́n fi ṣe ojú rẹ̀, abẹ́rẹ́ mẹ́ta ló sì wà níbẹ̀, ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi jókòó sáàárín wọn ní gbogbo ìpàdé, tó ń gbọ́ láti wọn ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú iṣẹ́ wọn, tí kò fọhùn. Lónìí tí wọ́n gbé ìwé ìwádìí wọn wá sí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Òwò Òkè-Ìtura láti fi sílẹ̀ ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu, ohùn rẹ̀ sì tutù bí ti ẹni tó ń pe orúkọ aláìsàn ní ọsibítù:

"Ọláníhún, mẹ́rìnléláàádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Fẹ́hìntọ́lá, mẹ́tàlélógójì. Ìbídùn, mẹ́ta. Ẹnì kan kò pé mẹ́wàá. Ẹ gé e, tàbí kí ẹ gba ìwé yín padà."

Ìyáàfin Ọ̀ṣúnkéye, tí ń gba ìwé lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ti àwo pẹlẹbẹ méjì síwájú wọn lórí káńtà, ọ̀kan pupa, ọ̀kan aláwọ̀ ewé.

"Ẹ ti gbọ́ ọ," ló wí. "Tí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ pupa, a gé ọmọ yìí, ìwé ẹ̀yin méjèèjì á wọlé. Tí ẹ ò bá gé e, aláwọ̀ ewé ò ní gba ọwọ́ yín. Bí agboòrùn ìta yìí bá sì fi ká, mo ti ilẹ̀kùn nìyẹn. Ó di ọdún tó ń bọ̀."

"Mà, ọmọ yìí ṣiṣẹ́ ju gbogbo wa lọ," ni Fẹ́hìntọ́lá wí.

"Sọ fún Òṣùwọ̀n."

"Òṣùwọ̀n, ọmọ yìí ṣiṣẹ́ ju gbogbo wa lọ."

Òṣùwọ̀n kò dá a lóhùn. Wọn kò ṣe é láti máa gba ẹ̀bẹ̀.

Ọláníhún wo ojú fèrèsé. Agboòrùn ńlá náà dúró lórí òpó irin rẹ̀ láàárín àgbàlá, ó fẹ̀ tó pápá bọ́ọ̀lù, ó ń tẹ̀lé oòrùn díẹ̀díẹ̀ bó ti ń tẹ̀lé e láti àárọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ní Òkè-Ìtura, kò sí ẹni tí í kúrò lábẹ́ òjìji títí di agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́; oòrùn ìsinsìnyí kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí àwọn baba ńlá wa ń rìn nínú rẹ̀ láìdé fìlà. Aago ara ògiri ti kọjá mẹ́rin ààbọ̀.

Kò sí ọdún tó ń bọ̀ fún Ọláníhún. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni. Kò sí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́. Orí ààtàn ló ti ń ṣa òkú ẹ̀rọ omi láti kékeré, ó ń tú wọn, ó ń tò wọ́n padà, títí ọ̀kan fi mí. Kànga mẹ́sàn-án ní àdúgbò rẹ̀, òun ló ń tọ́jú ẹ̀rọ wọn. Ṣùgbọ́n òfin tuntun ti dé: ẹni tí kò bá ní ìwé-ẹ̀rí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Òwò kò gbọdọ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ti lẹ ìwé pupa mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́jọ ló kù kí wọ́n tì í pa. Ìwé ìwádìí lórí òfin òwò yìí, tí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́ta gbọ́dọ̀ jọ kọ, ni iṣẹ́ kan ṣoṣo tó kù láàárín òun àti ìwé-ẹ̀rí náà.

Ìbídùn kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ káńtà. Ọmọ ogún ọdún ni, tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìṣáná, òun ló sì kéré jù nínú wọn.

"Ẹ gé mi, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, sà. Èmi lè tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Wọn ò lẹ nǹkan kan mọ́ ilẹ̀kùn tèmi."

"Dìde nílẹ̀ ná," ni Ọláníhún wí.

"Kí ló tiẹ̀ sọ ní ìpàdé yín?" ni Ìyáàfin Ọ̀ṣúnkéye béèrè. Ó tẹ bọ́tìnnì kan lẹ́yìn Òṣùwọ̀n. Ohùn Ìbídùn jáde láti inú rẹ̀, ó tín-ín-rín:

"Ẹ káàsán, sà." Ó dákẹ́. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ó tún dákẹ́. "Ṣé kí n bu omi wá, sà?"

"Ó tán?" ni Ọláníhún béèrè.

"Ó tán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà."

"Omi yẹn tutù o," ni Fẹ́hìntọ́lá wí jẹ́jẹ́.

Ọláníhún gbé àtàǹpàkò sókè. Kì í ṣe pé ó ti pinnu. Ọwọ́ náà kàn gòkè lọ fúnra rẹ̀ ni, ó sì dúró lókè àwo pupa.

Ìbéèrè tí wọ́n fún ẹgbẹ́ wọn kò gùn: bí oníṣòwò kan bá ra agboòrùn, tí òjìji rẹ̀ sì bọ́ sórí àtẹ ẹlòmíràn, ta ló ni òjìji náà? Ní ìpàdé kejì, Ọláníhún ti fi ìgboyà la ọ̀nà fún wọn. Ẹni tó gbẹ́ kànga ló ni omi, ó ní, nítorí náà ẹni tó ra agboòrùn ló ni òjìji. Fẹ́hìntọ́lá gbà. Ìbídùn ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ni ọmọ náà yọjú sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, níbi tó ti ń tú ẹ̀rọ omi Ojúlé Kẹfà fún ìgbà kẹta. Ẹ̀rọ burúkú ni. Ó ń yí dáadáa, kò pariwo, ṣùgbọ́n tìkọ̀tìkọ̀ ni omi rẹ̀ ń jáde bí ìtọ̀ arúgbó, Ọláníhún kò sì mọ ohun tó ṣe é. Ìbídùn wò ó díẹ̀, ó la ẹnu, ó pa á dé, ó wá kúnlẹ̀ sínú epo.

"Bàbá, ẹ má bínú sí mi, sà. Mo kàn rò pé òjìji kò dúró sójú kan bí omi kànga. Ó ń rìn. Ẹ̀rọ ìlú ló sì ń mú un rìn, kì í ṣe ẹni tó ra aṣọ." Ó na ìwé kan sí i, tó kún fún ìlà àti wákàtí.

Inú Ọláníhún dùn débi tó fi ju sípánà sílẹ̀. Ó yé e lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí kò bá lè pinnu ibi tí nǹkan yóò bọ́ sí, báwo ni yóò ṣe ní òun ló ni ibẹ̀? Ní ìpàdé kẹta, ó wú ikọ́, ó sì sọ ọ́ fún gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ yẹn ló di ọ̀pá ẹ̀yìn ìwé wọn. Ìbídùn tẹrí ba, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, inú rẹ̀ dùn pé ọ̀rọ̀ òun ti dé ibi tó ń lọ.

Kò sí ẹni tó rò pé olè jà níbẹ̀. Nílé tí wọ́n ti tọ́ wọn, bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dé àárín ìpàdé nìyẹn: ọmọdé a gbé e fún àgbà, àgbà a bá a gbé e débẹ̀. Ẹnu àgbà ni obì ti ń gbó. Ṣùgbọ́n Òṣùwọ̀n kò mọ obì. Ọláníhún ti tú ọ̀kan tó bàjẹ́ rí, ó sì mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ohùn tó bá kọ́kọ́ gbé èrò kan dé etí rẹ̀, olóhùn ló ni èrò. Kò sí nǹkan mìíràn nínú rẹ̀.

Ó mọ ìyókù pẹ̀lú. Bí òun bá jẹ́wọ́, ìpín òun á wálẹ̀, ó sì lè bọ́ sábẹ́ mẹ́wàá, kí òun náà di ẹni gígé. Ẹni tí wọ́n bá sì ká ìpín ẹlòmíràn mọ́ lọ́wọ́ kì í tẹ ilẹ̀ Kọ́lẹ́ẹ̀jì fún ọdún mẹ́ta. Ọmọ yìí fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n gé òun. Kí ló tún kù?

Ohun tó kù ni abẹ́rẹ́ yẹn. Láti ọjọ́ tó ti ń tún ẹ̀rọ ṣe, Ọláníhún kò tíì rí abẹ́rẹ́ tó ń parọ́ kó wá kọjá lọ. Ó ki ọwọ́ bọ àpò.

"Ìyáàfin," ló wí, "kì í ṣe èmi ni mo ro ọ̀rọ̀ òjìji yẹn."

"Bàbá, ẹ ronú kí ẹ tó sọ̀rọ̀ o. Ó ń gbọ́ yín."

"Ó ti gbọ́ irọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ jẹ́ kó gbọ́ òótọ́ fún ìṣẹ́jú kan. Ọmọ yìí ló rò ó. Ó gbé e wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, mo sì sọ ọ́ bí ẹni pé inú orí mi ló ti jáde."

Iná kékeré kan tàn lójú Òṣùwọ̀n, pupa. "Ìpín ẹlòmíràn," ló wí. "Ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ọdún mẹ́ta."

Ìyáàfin Ọ̀ṣúnkéye mí kanlẹ̀. "Mo sọ fún yín."

Níbi tí gbogbo wọn dúró sí bẹ́ẹ̀ ni Ìbídùn ti rọra sún mọ́ Fẹ́hìntọ́lá, ó na ọrùn, ó ń sọ nǹkan sí i létí. Ojú Fẹ́hìntọ́lá là. Ó la ẹnu láti sọ ọ́. Lójijì ni ó fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀ pà.

"N kò sọ!" ló kígbe láti ẹ̀yìn ọwọ́. "Ẹ wò ó, ó tún ti ṣe é! Bí wọ́n ṣe ń sọ wá di olè nìyí! Ìwọ ọmọ yìí, sọ ọ́ fúnra rẹ!"

"Bọ̀ọ̀dá Fẹ́hìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi…"

"Bí o bá tún sọ ọ́ sí mi létí, màá sá jáde sínú oòrùn."

Ìbídùn wo Ọláníhún. Ọláníhún mi orí sí i pé kó máa wí. Ọmọ náà gbé ẹnu sún mọ́ Òṣùwọ̀n bí ẹni tó fẹ́ fẹ́ná, ó sì di ojú.

"Òfin Ìpín, abala kẹsàn-án," ló wí. "Ẹni tí ìpín ẹlòmíràn bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè dá a padà láìjẹ̀bi, bí ó bá dá a padà kó tó tẹ àwo, tí ẹlẹ́rìí kan tí kì í ṣe ara ẹgbẹ́ sì jẹ́rìí sí i."

Iná pupa kú. Abẹ́rẹ́ kẹta mì, ó gòkè díẹ̀, bí ọmọ tó ń yọjú lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Ẹ gbà mí o," ni Ìyáàfin Ọ̀ṣúnkéye wí. "Ọdún méjìlá ni mo ti wà ní káńtà yìí. N kò tíì rí ẹni tó dá ìpín padà rí. Ta wá ni ẹlẹ́rìí?"

"Bàbá Sùfíyánù, mà," ni Ìbídùn wí, ó sì na ìka sí ìta. "Olùṣọ́ agboòrùn."

Olùṣọ́ kì í fi ìdí òpó sílẹ̀ nígbà tí agboòrùn bá wà ní ṣíṣí. Gbogbo ìlú ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, Ọláníhún yọ okùn iná ẹ̀yìn Òṣùwọ̀n, ó gbé e mọ́ àyà bí ọmọ tuntun. Ìyáàfin Ọ̀ṣúnkéye kígbe pé yóò kú. Ọláníhún ní bátìrì wà nínú rẹ̀ lábẹ́ bàbà, èyí tó lè gbé e fún ogún ìṣẹ́jú, òun ti fi ọwọ́ kàn án rí. Obìnrin náà wò ó, ó wo aago, ó kó àwo méjèèjì sábẹ́ abíyá, ó sì tẹ̀lé wọn. Wọ́n gba àgbàlá kọjá, wọ́n ń tọ etí òjìji lọ, Fẹ́hìntọ́lá ló ṣíwájú.

"Ẹ má tẹ ìlà ọmọ mi o!" ni ẹnì kan ké láti ìdí òpó.

Ọláníhún wo ilẹ̀. Ìlà ẹfun mẹ́jọ ló wà lórí òkúta àgbàlá, wọ́n tò tẹ̀léra bí egungun ìhà, wákàtí sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo àgbàlá ni wọ́n ti gbá, àfi ibẹ̀.

Sùfíyánù dìde lórí àpótí rẹ̀. Arúgbó tó gbó ṣáṣá ni, ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lára irin tó fi ń dá agboòrùn dúró.

"Ọmọ mi dé! Ṣé wọ́n ti gba ìwé náà?" Ó kọjú sí àwọn yòókù. "Ọmọ tó dá agboòrùn dúró nígbà mẹ́jọ lọ́jọ́ kan! Mo ní, ṣé o fẹ́ kí oòrùn pa wá ni? Ó ní, 'Bàbá, ìṣẹ́jú méjì péré.' Ó wá ń ṣàlàyé. Ó ṣàlàyé títí etí mi fi kún. Ta ló ni òjìji, ta ló ń mú un rìn. Mo ní, ìwọ, ṣé ẹnu rẹ kì í rẹ̀ ọ́ ni?"

"Ìbídùn yìí?" ni Ọláníhún àti Fẹ́hìntọ́lá béèrè pọ̀.

"Ṣé òmíràn wà?"

Ìbídùn ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Bàbá Sùfíyánù ò tíì sọ èrò tiwọn, sà," ló wí. "Kò sí nǹkan tí mo fẹ́ fi tako ẹnu wọn."

Ọláníhún gbé Òṣùwọ̀n sún mọ́ olùṣọ́.

Sùfíyánù fa ìwé kan yọ lábẹ́ àpótí. Òfin ni pé ẹnikẹ́ni tó bá ní kí wọ́n dá agboòrùn dúró, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ orúkọ rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀rọ inú òpó yóò sì lu òǹtẹ̀ ọjọ́ sí i. Inú Ọláníhún dùn sí òǹtẹ̀ náà bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe àsìkò rẹ̀. Òòlù kékeré kan ló ń lù ú, ẹ̀ńjìnnì kan náà tó ń yí agboòrùn ló sì ń gbé òòlù ọ̀hún, tó fi jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò lè lu òǹtẹ̀ èké láìjẹ́ pé ó yí gbogbo agboòrùn padà. Ó gbé ojú Òṣùwọ̀n sún mọ́ ìwé. Òṣùwọ̀n kà á sókè:

"Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì. Ìbídùn, akẹ́kọ̀ọ́. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tó ni aṣọ ló ni òjìji." Ó dákẹ́. "Ọláníhún sọ ọ́ ní ọjọ́ kẹtàdínlógún. Ẹlẹ́rìí, ṣé òótọ́ ni?"

"Ta ló ń bá mi sọ̀rọ̀?" ni Sùfíyánù béèrè.

"Igbá yẹn ni, Bàbá. Ẹ dá a lóhùn!" ni Fẹ́hìntọ́lá wí.

"Òótọ́ ni. Mo fi Ọlọ́run búra."

Agogo ìkìlọ̀ dún lórí òpó. Ìṣẹ́jú márùn-ún ló kù kí agboòrùn ká.

Abẹ́rẹ́ Ọláníhún bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo omi kànga nígbà ọ̀dá. Ó kọjá ogójì. Ó kọjá ọgbọ̀n, ó kọjá ogún. Fẹ́hìntọ́lá di apá rẹ̀ mú láìmọ̀. Méjìlá. Abẹ́rẹ́ náà mì, ó rò ó, ó sún díẹ̀ sí i, ó sì dúró.

"Ọláníhún, mọ́kànlá. Fẹ́hìntọ́lá, mọ́kànlélógójì. Ìbídùn, méjìdínláàádọ́ta. Ìpín pé. Kò sí ẹ̀bi."

Ọláníhún jókòó sílẹ̀ lórí òkúta, Òṣùwọ̀n sì wà lórí itan rẹ̀. Mọ́kànlá náà jẹ́ tirẹ̀ látòkèdélẹ̀: ọ̀rọ̀ òfin kànga àtijọ́ tó rò fún wọn, àti ojú ewé méjì tó kọ lórí bí ẹ̀rọ ìlú ṣe ń yí agboòrùn. Kò pọ̀. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kò parọ́ mọ́.

"Ẹ dúró ná," ni Fẹ́hìntọ́lá wí. "Ta ló jẹ méjì mi?"

"Àpẹẹrẹ àtẹ oníbúrẹ́dì inú ìwé yín," ni Òṣùwọ̀n wí. "Ó wà nínú ìwé olùṣọ́ pẹ̀lú."

Fẹ́hìntọ́lá ronú. Ó họ orí. "Hẹn. Òótọ́ ni. Ọmọ yìí sọ ọ́ sí mi létí lọ́jọ́ kan, mo sì gbàgbé pé kì í ṣe tèmi."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Ìyáàfin Ọ̀ṣúnkéye, ẹni tí wọn kò tíì rí eyín rẹ̀ rí láti ọdún tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ó na àwo aláwọ̀ ewé sí wọn. Fẹ́hìntọ́lá tẹ̀ ẹ́. Ìbídùn tẹ̀ ẹ́. Ọláníhún nu ọwọ́ sára ṣòkòtò.

"Bàbá," ni Ìbídùn wí, "nǹkan kan wà tí mo fẹ́…"

"Dákẹ́!" Fẹ́hìntọ́lá fò sáàárín wọn. "Méjì péré ló kù kí Bàbá bọ́ sábẹ́ mẹ́wàá! Bí o bá tún ní èrò kan, gbé e mì! Ẹ tẹ̀ ẹ́, Bàbá, ẹ tẹ̀ ẹ́ kó tó sọ̀rọ̀!"

Ọláníhún tẹ̀ ẹ́. Àwo náà móoru lábẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀, ó dún kọ́, bí ìgbà tí omi bá kọ́kọ́ dé ẹnu páìpù.

Sùfíyánù fa irin. Agboòrùn ńlá náà mí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká, abala kan tẹ̀ lé èkejì, títí ojú ọ̀run ìrọ̀lẹ́ fi là sílẹ̀, tí atẹ́gùn tútù àkọ́kọ́ fẹ́ dé ọrùn wọn. Àwọn èèyàn ń jáde láti ilé gbogbo. Ìyáàfin Ọ̀ṣúnkéye gba Òṣùwọ̀n lọ́wọ́ Ọláníhún, ó gbé ìwé wọn mọ́ ọn, ó sì padà sí káńtà rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín lọ.

"Ó yá," ni Ọláníhún wí. "Igbá ti lọ. Kí lo fẹ́ sọ?"

Ìbídùn fẹ́ kúnlẹ̀. Ó rò ó wò, ó sì dúró ní òòró.

"Ẹ̀rọ omi Ojúlé Kẹfà, Bàbá. Bẹ́líìtì rẹ̀ lẹ lọ́ sódì. Sẹ́yìn ló ń yí."

Ọláníhún dúró gbọn-in. Ó di ojú, ó wo ẹ̀rọ náà nínú orí rẹ̀: ẹ̀ńjìnnì tuntun tó gbé sí i, tó ń yí sí òdì ti àtijọ́, bẹ́líìtì tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ lọ́ lórí àgbá ẹ̀rọ méjèèjì, bí ó ti ń lọ́ ti àtijọ́. Ìgbà mẹ́rin ló ti tú u. Ìgbà mẹ́rin ló ti lọ́ ọ padà bó ṣe wà.

"Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wá, sà."

Fẹ́hìntọ́lá ti jókòó sílẹ̀, ó ń fi ọwọ́ lu òkúta, ẹ̀rín kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. Ọláníhún kọrí sí ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ń yára, ó sì ń fi ọwọ́ pè é lẹ́yìn.

"Máa bọ̀," ló wí. "Kí o sì máa sọ̀rọ̀ bọ̀."